Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fọn sax, ẹ wá ká mọra: ibo lẹ kọ́ ọ dé?

Álítò16:

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 16 ni mí, álítò, ọ̀kan lára oríṣi sax, ni mò ń fọn, oṣù tó kọjá ló pé ọdún méjì géérégé tí mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní ojúgbà kankan nítòsí tó ń fọn sax, tísà mi nìkan ni mo máa ń rí bá sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìyẹn náà ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ká tó to fèrè pọ̀ tán, ká tó fi itọ́ rẹ rííìdì, pẹlẹbẹ esùsú tó wà lẹ́nu fèrè, àsìkò ti lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ yín. Èwo lẹ̀ ń fọn? Ta ló ń kọ́ yín, àbí ẹ̀ ń dá kọ́ ọ ni? Kí lẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí, wákàtí mélòó lẹ máa ń fi ṣe é lójúmọ́?

Èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo ti ṣe Gíréèdì 3 ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 118 nínú 150 ni mo gbà. 100 ni wọ́n fi ń yege, 120 ni wọ́n fi ń gba merit tó ga ju yíyege lásán lọ, máàkì méjì péré ló kù, síkéèlì (nóòtì tó tò tẹ̀ léra lọ sókè sódò) ló jẹ ẹ́. Gíréèdì 5 ni mò ń múra ẹ̀ báyìí pẹ̀lú tíọ́rì, ìyẹn ìmọ̀ orin lórí ìwé, torí mo gbọ́dọ̀ ti yege tíọ́rì Gíréèdì 5 tàbí ohun tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ kí n tó lè ṣe Gíréèdì 6. Bíi wákàtí kan ni mo máa ń ṣe lójúmọ́, nóòtì gígùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, síkéèlì ogún ìṣẹ́jú, ìyókù jẹ́ ti orin inú ìwé.

Àmọ́ ohun tó gbé mi dé ibí gan-an rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ orin kan lẹ́nu, orin tí gbogbo wa mọ̀, ló bá ní "fọn ọ́n ká gbọ́ jàre." Sax wà lọ́rùn mi, ó ti gbóná, kò sóhun tó ṣe é. Mi ò rí nóòtì àkọ́kọ́ mú. Mo gbìyànjú G, kì í ṣe òun. Mo gbìyànjú A, mo tún padà sí G, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, mo wá sọ pé ìwé ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì o! Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Ṣé èmi nìkan ni?

EtíNìkan:

Káàbọ̀, Álítò, ìwọ nìkan kọ́ rárá, àmọ́ ti èmi ti gba òdìkejì ni. Tẹ́nọ̀ ni mò ń fọn, ọmọ ọdún 19, ọdún kẹta mi rèé, mi ò ní tísà rí. Fídíò àti etí ni mo fi kọ́ ọ. Orin tó o ní o ò rí mú yẹn, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì màá fọn ọ́n, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta màá ti máa fi ọnà sí i lára. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé ìwé orin síwájú mi, àfi bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí iyanrìn. Tonic solfa nìkan ni mo mọ̀, dò rè mí tí wọ́n kọ́ wa ní kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, bóyá ẹnì kan máa lè là mí lóye. Bándì kan pè mí pé kí n wá bá àwọn ṣe ìdánrawò. Ẹni tó wà nídìí dùùrù ní "G la wà o." Mo ní kò burú, mo bẹ̀rẹ̀ láti G tèmi. Ohun tó jáde, bíi pé èmi ń kọ orin tèmi, àwọn ń kọ tiwọn. Gbogbo wọn dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Mo fetí wá a títí mo fi rí ibi tí wọ́n wà, àmọ́ mi ò mọ orúkọ ibẹ̀, nígbà tí wọ́n sì yí kíì, ìyẹn nóòtì tí orin dúró lé, padà fún orin kejì mo tún sọnù. Títí dòní mi ò mọ ìdí tí G mi kì í fi í ṣe G tiwọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́nRííìdì:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àbúrò. Mo fi ọdún díẹ̀ jù yín lọ, 27 ni mí, mo ka músíìkì ní yunifásítì, àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ sax ni mò ń kọ́ báyìí. EtíNìkan, etí ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni.

Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n bí ní 1814, nígbà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ sax ní Paris lọ́dún 1846, kì í ṣe fèrè kan ṣoṣo ló gbà á fún, odidi ìdílé ni, látorí èyí tó kéré jù dórí èyí tó tóbi jù. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan lè gbé òmíràn nínú wọn láìtún ìka kọ́. Torí náà ìka C lórí álítò, òun náà ni ìka C lórí tẹ́nọ̀ àti bárítónì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àmọ́ fèrè ò gùn bákan náà, èyí tó bá gùn ni ohùn ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Tó o bá fọn C lórí tẹ́nọ̀, B fláàtì (B tí wọ́n fà wálẹ̀ díẹ̀) ni dùùrù máa pè é. Tí Álítò16 bá fọn C tiẹ̀, E fláàtì ni dùùrù máa pè é. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá ní tẹ́nọ̀ jẹ́ fèrè B fláàtì, álítò jẹ́ fèrè E fláàtì.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi rèé. Dúró níwájú dùùrù, fi ìka lé nóòtì tí wọ́n pè. Bó bá jẹ́ tẹ́nọ̀ lo gbé kọ́rùn, ka kíì méjì lọ sókè, kí o ka dúdú mọ́ funfun. Bó bá jẹ́ álítò, ka mẹ́ta wá sísàlẹ̀, dúdú mọ́ funfun bákan náà. Láti G, kíì méjì sókè, A nìyẹn. G tiwọn, A tìẹ ni. Nígbà tó o fọn G lọ́jọ́ náà, F làwọn ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dúró. Fún álítò, kíì mẹ́ta wá sísàlẹ̀ láti G, E ló bọ́ sí. Ṣé ẹ wá rí i pé tẹ́nọ̀ máa fọn ọ́n pẹ̀lú ṣáàpù (àmì tó ń gbé nóòtì sókè díẹ̀) mẹ́ta, álítò pẹ̀lú mẹ́rin, nígbà tí oní-dùùrù ń jẹ̀gbádùn ṣáàpù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ bá bándì ṣeré kò gbọ́dọ̀ máa sá fún síkéèlì oníṣáàpù.

EtíNìkan:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọdún kan gbáko ni nǹkan yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka kíì lórí dùùrù inú fóònù mi tán, ó bọ́ sí i wẹ́kú.

BárìNlá:

Ẹ jẹ́ kémi náà wọlé. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 17, bárítónì ni mò ń fọn. Álítò16, mọ̀lẹ́bí la jẹ́ o, E fláàtì lèmi náà, ọ́kítéèfù kan péré ni mo fi wà nísàlẹ̀ ẹ. Álítò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin a fẹ́ dá ẹlẹ́ni-mẹ́rin sílẹ̀, sopránò, álítò, tẹ́nọ̀, bárì, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé bárì torí ó wúwo, mo bá ní ẹ gbé e wá. Oṣù àkọ́kọ́, mi ò lè yí ọrùn tí mo bá jí láàárọ̀, àfìgbà tí mo pààrọ̀ okùn ọrùn sí èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká méjèèjì. Ẹni tó bá ń ronú láti fọn bárì, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe bíi tèmi.

Ṣùgbọ́n ohùn yẹn! Bárì mi ní A ìsàlẹ̀ tí álítò kì í ní, àtàǹpàkò òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, tí mo bá ti fọn ọ́n pẹ̀lú èémí tó kún, àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ mi: mo ní tísà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kílásíkà ni. Àwọn étíùdù, ìyẹn orin ìdánrawò, tí Ferling kọ ni mò ń ṣe, 48 ni wọ́n, fún óbò, fèrè onírííìdì mìíràn, ni ó kọ wọ́n tẹ́lẹ̀ kí àwa onísax tó sọ wọ́n di tiwa. Méjì-méjì ni wọ́n tò wọ́n, ọ̀kan á lọ jẹ́jẹ́, èkejì á sáré. Gbogbo èèyàn rò pé èyí tó ń sáré ló le, irọ́ ni. Èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ ló ń tú èèyàn fó, torí kò síbi tó o máa sá pa mọ́ sí, gbogbo bí ohùn bá ṣe mì, bí o bá ṣe gbé nóòtì kan lé òmíràn, ó hàn gbangba. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ojú ewé kan ṣoṣo.

Nípa ìbéèrè ẹ, Álítò, kò yàtọ̀ sí tèmi. Mo lè ka ìwé tó o bá gbé síwájú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tísà ní kí n fọn ohun tó bá ṣáà ti wù mí fún báà (ìpín orin kéékèèké) mẹ́jọ, òun á máa fi dùùrù gbè é. Ó tẹ báà mẹ́jọ, mo dúró wò ó fún báà mẹ́jọ. Kò sí nǹkan kan lọ́kàn mi.

Trọ́ńpẹ́ẹ̀tìTẹ́lẹ̀:

Ẹ n lẹ́ o. Ọmọ ọdún 22, oṣù kẹrin mi rèé nídìí tẹ́nọ̀. Trumpet ni mo fi ọdún márùn-ún fọn tẹ́lẹ̀. Tẹ́nọ̀ ni mo yàn torí trumpet náà B fláàtì ni, mo rò pé gbogbo ìwé mi àtijọ́ á ṣì wúlò, ìyẹn sì rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu mi ò gbọ́ràn. Tí mo bá fọn ọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, ètè ìsàlẹ̀ mi á ti dá nínú, eyín á ti kọ lápá síbẹ̀. Nóòtì òkè ń han bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Láti D ìsàlẹ̀ lọ sí B fláàtì ni ò wá jáde rárá, tí mo bá fọn C ìsàlẹ̀, C òkè ló ń dá mi lóhùn, àbí kó máa hó bí omi tó ń hó nínú ìkòkò. Rííìdì 3½ ni mo ń lò torí ẹnì kan ní bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n fọn tó.

Ká má tan ara wa, ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti pẹ́ jù. Mo ka tiyín, ọmọ ọdún 11 ni ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó ṣì yá fún mi báyìí?

Ẹ̀gbọ́nRííìdì:

Àbúrò, fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yẹn sílẹ̀ ná. Fela, trumpet lòun náà ń fọn. Nígbà tí Igo Chico tó ń fọn tẹ́nọ̀ fún un kúrò nínú bándì ní 1973 ló tó gbé tẹ́nọ̀ fúnra ẹ̀, ọdún 1938 ni wọ́n sì bí i, ṣírò ẹ̀ kí o wò ó. O ò tíì pẹ́ rárá.

Rííìdì ló ń dà ọ́ láàmú, ẹni tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn yẹn ò sọ òótọ́. Nọ́ńbà ara rííìdì, bó ṣe le tó ló ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń fọn ọ́n. Rííìdì ò ju pẹlẹbẹ esùsú tí wọ́n fá lọ, Arundo donax lorúkọ esùsú náà, èyí tí esùsú ẹ̀ bá le ni nọ́ńbà ẹ̀ ń ga, èyí tí esùsú ẹ̀ bá rọ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀ ń kéré, 2½ ilé-iṣẹ́ kan sì lè le ju 2½ ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹnu-fèrè tí àlàfo ẹ̀ bá fẹ̀, rííìdì tó rọ̀ ló ń fẹ́. Àwọn onísax ńláńlá wà tó jẹ́ pé 2½ ni wọ́n ń lò. Lọ gbé 2 tàbí 2½.

Ìkejì, ẹ̀ ń fi ẹnu trumpet fọn sax. Trumpet, ètè méjèèjì ló ń gbọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ fún un pọ̀. Níbí, rííìdì ló ń gbọ̀n, iṣẹ́ ètè ni kó rọra di í mú kó sì fún un láàyè. Eyín òkè á jókòó sórí ẹnu-fèrè, ètè ìsàlẹ̀ á bo eyín ìsàlẹ̀ díẹ̀ bíi tìmùtìmù, ẹ̀gbẹ́ ẹnu á wá sáàárín, bí ẹni fẹ́ pe "óò." Bí o ṣe máa mọ̀ bóyá ò ń gé e jẹ: yọ ẹnu-fèrè kúrò lára ọrùn fèrè, fọn òun nìkan, kí o tan túnà, ẹ̀rọ tó ń sọ orúkọ nóòtì. Tẹ́nọ̀, G ló yẹ kó sún mọ́. Álítò, A ni. Bí tìẹ bá ń lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, eyín ẹ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Tú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi máa bọ̀ wálẹ̀, kí o sì fi orí mọ bó ṣe rí lẹ́nu ẹ.

Ìkẹta, tí nóòtì ìsàlẹ̀ bá ṣì ń hó lẹ́yìn èyí, bóyá kì í ṣe ẹjọ́ ẹ, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa jò. Gé bébà tó fẹ́lẹ́ bíi ti ìka kan, fi sábẹ́ pàádì, ìyẹn ìdérí tó ń dí ihò fèrè, rọra pa pàádì dé, má fagbára tẹ̀ ẹ́, kí o wá fa bébà náà. Ó yẹ kó fà ẹ́ padà díẹ̀. Ṣe é yí ká etí pàádì náà. Ibi tí bébà bá ti yọ́ jáde bí ẹni pé kò sóhun tó dì í mú, ibẹ̀ ló ń jò. G ṣáàpù ni kí o kọ́kọ́ wò, torí tí o bá fi ìka kékeré òsì tẹ B tàbí B fláàtì ìsàlẹ̀, apá ẹ̀rọ ibẹ̀ máa ń fẹ́ gbé G ṣáàpù náà sókè, skúrúù kékeré kan ló ń dì í mọ́lẹ̀. Bó bá ti tú díẹ̀ báyìí, gbogbo nóòtì ìsàlẹ̀ dàrú nìyẹn. Jẹ́ kí ẹni tó ń tún fèrè ṣe bá ẹ dì í.

Sopránò15:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ló kéré jù níbí, 15. Sopránò ló wù mí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, àmọ́ tísà mi ní kí n fi álítò ṣe ọdún kan ná torí etí mi ò tíì mọ ìgbà tí ohùn bá yẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo wo túnà, òótọ́ ló sọ, D àárín mi ń lọ sókè, C ṣáàpù tí kò níka lórí ń lọ sísàlẹ̀, lórí sopránò gan-an ó burú ju ti álítò lọ. Ṣé ó máa lọ lára mi? Àbí bí Ọlọ́run ṣe dá etí mi nìyẹn?

BárìNlá:

Àbúrò mi, kì í ṣe etí ẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe fèrè náà ni. D àárín àti C ṣáàpù yẹn ń ṣe gbogbo wa, ẹnu la fi ń tún un ṣe. Sopránò kàn kéré ni, ohun tó bá fi díẹ̀ yẹ̀ lẹ́nu, tó bá jáde á ti di púpọ̀. Fi túnà tó ní iná àti abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, jẹ́ kí fóònù máa dún nóòtì kan ṣoṣo láìdákẹ́, kí o fọn nóòtì kan náà lé e. Tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá dọ́gba, wàá gbọ́ kí ohùn máa ṣe wọ́ọ̀-wọ́ọ̀-wọ́ọ̀ láàárín yín. Bí o bá ṣe ń sún mọ́ ọn, wọ́ọ̀-wọ́ọ̀ náà á máa falẹ̀, á wá dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí ẹnì kan pa fáànù. Mo fi oṣù mẹ́ta ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ó máa lọ.

EtíNìkan:

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Álítò àti BárìNlá láti àná, mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń ṣe é, bóyá ó máa wúlò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe nìyí: mi ò ní fọwọ́ kan sax. Màá gbọ́ orin náà, màá fẹnu kọ ọ́ títí tí mo fi lè kọ ọ́ láìsí fóònù. Bí mi ò bá lè fẹnu kọ ọ́, mi ò lè fọn ọ́n, ó parí. Lẹ́yìn náà màá wá dò. Gbogbo orin ló nílé tó máa ń padà sí, ibi tó bá ti máa ń wù ẹ́ kó parí sí, dò nìyẹn. Tó o bá ti mọ dò, ìyókù ò ní sá, o máa gbọ́ ọ pé sò ni orin bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí mí, ó bọ́ sí rè. Lẹ́yìn náà ni màá wá gbé sax, màá wá dò yẹn nìkan, mi ò ní wá nǹkan mìíràn. Álítò, nóòtì àkọ́kọ́ lo wá lọ́jọ́ náà, o ò wá dò, ìdí nìyẹn tó o fi ń rìn kiri.

Ẹ má sì bẹ̀rù etí yín. Ẹni tó ń sọ Yorùbá tó ń gbọ́ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìronú, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fi dò pe ohun tó yẹ kí wọ́n fi mí pè á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, etí onítọ̀hún ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti kékeré. Ẹ kàn ní láti so ó mọ́ ìka ni.

Tó bá ti yé mi lórí kíì kan, màá gbé dò lọ síbòmíràn, màá tún un fọn. Mejìlá ni gbogbo kíì, mi ò tíì ṣe orin kankan délẹ̀ nínú méjèèjìlá, mẹ́jọ ni mo dé. Wákàtí mẹ́ta ni mò ń ṣe lójúmọ́. Charlie Parker, onísax jáàsì ńlá yẹn, sọ fún Paul Desmond, onísax bíi tiẹ̀, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 1954 pé wákàtí 11 sí 15 lòun ń ṣe lójúmọ́ fún bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn mo jókòó sílẹ̀.

BárìNlá:

Ọ̀rọ̀ dò yẹn dáa o, mo fara mọ́ ọn. Ibi tí mi ò ti gbà ni pé kí o fi ìwé sílẹ̀ pátápátá. Nínú ẹlẹ́ni-mẹ́rin wa, tí wọ́n bá gbé orin tuntun dé, a ní wákàtí méjì kí gbogbo ẹ̀ tó jáde, kò sẹ́ni tó máa fẹnu kọ apá bárì fún mi, torí apá bárì kì í ṣe orin téèyàn ń kọ lọ, nóòtì mẹ́rin ni, sinmi báà méjì, nóòtì kan. Etí nìkan ò lè gbé ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá Parker ṣe wákàtí 15, ọrùn ọwọ́ yín á bà jẹ́. Mo dé wákàtí márùn-ún rí fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè di kọ́ọ̀pù mú.

Ẹ̀gbọ́nRííìdì:

Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ sí i. Adolphe Sax fúnra ẹ̀ kọ́ àwọn ológun ní sax ní Conservatoire Paris láti 1857 sí 1870, wọ́n wá ti kíláàsì náà. Ọdún 1942 ni wọ́n tó tún ṣí i, Marcel Mule, onísax ará Faransé, ni wọ́n fi síbẹ̀. Ọdún 72 ni wọn ò fi ní kíláàsì sax nílé ẹ̀kọ́ yẹn, inú ọdún yẹn kan náà sì ni àwọn oníjáàsì bíi Coleman Hawkins àti Lester Young sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé etí nìkan ni wọ́n gbọ́kàn lé. Hawkins ti kọ́ dùùrù àti cello ní kékeré kó tó gbé tẹ́nọ̀, tó o bá gbọ́ bó ṣe ń rìn gba inú kọ́ọ̀dù kọjá, wàá mọ̀ pé ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni. EtíNìkan, solfa tó o ní lọ́wọ́ yẹn, ìdajì tíọ́rì ni. Ẹni tó lè gbé dò láti kíì kan lọ sí òmíràn ti ń ṣe ohun tí tíọ́rì Gíréèdì 5 ń bi Álítò16, orúkọ tó wà lórí ìwé ni o ò tíì mọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ́ ara yín?

Álítò16:

Ẹ mà ṣeun o, mo ti lọ fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo wá jíṣẹ́. Mo ṣe é bí EtíNìkan ṣe ní kí n ṣe é. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan fèrè, mo ń kọ ọ́ káàkiri ilé títí wọ́n fi ní kí n dákẹ́. Ọjọ́ kejì mo wá dò, ó gbà mí bí ìdajì wákàtí, F ni lórí álítò mi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe kọ ọ́ sí. Orin náà, sò ló fi bẹ̀rẹ̀, C nìyẹn. Ẹ wo ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà, G, A, mi ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìka mi ti máa ń sáré ju etí mi lọ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ná, kí n tó wá gbọ́ bóyá òun ni. Ní báyìí mo máa ń dúró, mo máa ń gbọ́ nóòtì tó kàn lórí mi kí n tó gbé ìka, ó ń falẹ̀ gan-an, ó ń rẹ èèyàn ju síkéèlì lọ. Ọjọ́ kẹrin ni mo fọn ọ́n délẹ̀ láìdúró. Ọjọ́ kẹfà mo gbé dò lọ sí G, mo gbé e lọ sí B fláàtì, lánàá mo dé E, ṣáàpù mẹ́rin, irú síkéèlì oníṣáàpù tó jẹ máàkì mi lọ́jọ́ ẹ̀sáàmù nìyẹn o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn ẹ̀ rèé.

Ọ̀rẹ́ mi wá lánàá. Mo fọn ọ́n fún un. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ tẹ̀ lé mi.

EtíNìkan, mo ti fi fídíò ránṣẹ́ sí ẹ, báà mẹ́rin ni, nóòtì bíìtì kan àti ti ìdajì bíìtì nìkan ló wà níbẹ̀. Pàtẹ́wọ́ ẹ̀ ná pẹ̀lú métírónóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì) lórí 60, má tíì fọn ọ́n.

EtíNìkan:

Mo ti pàtẹ́wọ́ ẹ̀, báà kẹta ló ń dà mí rú, ibi tí wọ́n ti so ìdajì bíìtì mọ́ èyí tó ń bọ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ó rọrùn, tí mo bá wò ó, ọwọ́ mi á kú. Àmọ́ mo dá orúkọ nóòtì mọ̀ láti D dé A báyìí láìka ìlà. Fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i, fi báà mẹ́rin mìíràn ránṣẹ́, kí o sì fi sò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mo máa dúró sí.

Trọ́ńpẹ́ẹ̀tìTẹ́lẹ̀:

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo gbé rííìdì 2½. Ètè mi ò dá mọ́ láti ọjọ́ kẹta. Ẹnu-fèrè mi nìkan, B ló ń dún tẹ́lẹ̀, tẹ́nọ̀ o, ó ti ń bọ̀ sórí G báyìí. Mo ṣe ti bébà yẹn ní gbogbo pàádì, ó dé orí G ṣáàpù, bébà yọ́ jáde bí ẹni pé mi ò tẹ nǹkan kan. Ẹni tó ń tún fèrè ṣe yí skúrúù náà, kò tó ìdajì yíyí kan. Mo délé, mo joko sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo tú àgbọ̀n sílẹ̀, mo rọra fọn èémí sí i bí ẹni ń mí sójú dígí. C ìsàlẹ̀ jáde. B jáde. B fláàtì jáde, ó nípọn, ó dúró, mo kà á dé sẹ́kọ́ńdì 9 kí èémí mi tó tán.

EtíNìkan:

Ẹ kú oríire! B fláàtì ìsàlẹ̀ lórí tẹ́nọ̀, kíì méjì sísàlẹ̀ lórí dùùrù, A fláàtì nìyẹn, àbí mo ṣì í, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́nRííìdì:

O ò ṣì í.